Irinṣẹ́ Tó Tọ́ fún Ihò Pínnì Ọ̀bẹ Tó Ń Ká

Ọ̀bẹ tó ń ká mọ́ èèkù, tí àgbẹ̀ ń fi sápò lọ gé ẹ̀ka ọsàn, pínnì kan ṣoṣo ni irin rẹ̀ ń yí lé lórí. Bí pínnì náà bá dẹ̀, irin ọ̀bẹ á máa mì, ó sì lè ká mọ́ni lọ́wọ́. Ẹnu ihò tó wà lára èèkù ló ń di pínnì mú: ó yẹ kó fẹ̀ díẹ̀ níta ju inú lọ, bí ẹnu àrọ, kí orí pínnì tí a bá lù lè wú kún ibẹ̀. Ríímà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irinṣẹ́ tí a ń yí nínú ihò láti fi fẹ̀ ẹ́, ló ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ríímà tí ẹ máa rí lórí àtẹ kò ní àkọlé, torí náà ẹ mú kálípà tí a fi ń wọn ìbú nǹkan dání. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi méjì tó jìnnà síra ní 10 mm. Bí ìyàtọ̀ bá tó 0.87 mm, ṣíṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ dígíríì 5, òun ni ẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ 0.2 mm, ti pínnì ẹ̀rọ ni (1:50, ìyẹn ni pé ìbú rẹ̀ ń fi 1 mm pọ̀ sí i ní gbogbo 50 mm): nínú irin èèkù tó nípọn tó 3 mm, kò ní fẹ ihò ju 0.06 mm lọ, pínnì kò sì ní rí nǹkan dì mú. Ti dígíríì 5 yóò sọ ihò 3 mm di nǹkan bí 3.26 mm níta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bíìtì tí káfíńtà fi ń gbẹ́ ojú ihò fún orí síkúrúù dípò rẹ̀. Bó bá wọlé ní 0.5 mm péré, ẹnu ihò ti di 4 mm. Etí orí pínnì á fẹ́lẹ́, á sì ya.

Bí ẹ kò bá rí i rà, Òṣogbo ni iléeṣẹ́ Machine Tools wà, iṣẹ́ lẹ́ìtì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ, kò ṣàjèjì sí ìlú yìí. Kí oní-lẹ́ìtì gbẹ́ irin tó ṣeé mú le ní dígíríì 5, kó fi fáìlì yọ ìdajì ẹnu rẹ̀ kúrò ní òòró, kí alágbẹ̀dẹ wá fi iná mú un le.

Ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì ìlùhò kan ṣoṣo lu gbogbo ihò já, kí ẹ tó tú irin ọ̀bẹ àti èèkù sọ́tọ̀. Ara èèkù nìkan ni ríímà ń wọ̀, láti ìta. Kò gbọdọ̀ kan ihò irin ọ̀bẹ rárá. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, apá ọ̀tún nìkan, torí yíyí i padà sẹ́yìn máa ń mú kí ẹnu rẹ̀ kú. Bí èèkù bá jẹ́ irin, ẹ kán òróró sí ihò rẹ̀. Idẹ kò nílò rẹ̀. Ẹ dúró kó tó já sódì kejì, kí inú ihò má bàa fẹ̀ ju pínnì lọ. Ẹ fọ eérún irin àti òróró kúrò: èyí tó bá kù níbẹ̀ ló ń di ìlà dúdú yípo orí pínnì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fá a.

Pínnì idẹ fún èèkù idẹ, kí ojúpọ̀ rẹ̀ má hàn. Ìṣó kọnkéré le jù, kò ní wú. Ẹ jẹ́ kí pínnì yọ síta ní 1 mm sí 1.5 mm lọ́tùn-ún lósì; bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, títẹ̀ ló máa tẹ̀. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi òróró pa sáàárín irin ọ̀bẹ àti èèkù, kí ẹ wá máa fi òòlù olórí róbótó kékeré lù ú jẹ́jẹ́, tí ẹ ń yí i padà ní lílù mẹ́rin-márùn-ún. Ẹ fa bébà náà yọ, kí ẹ ṣí ọ̀bẹ wò, kí ẹ tó fi fáìlì àti sáńpépà fá orí pínnì bá ara èèkù dọ́gba.