Bí A Ṣe Ń Sọ Ẹni Tó Rajà Lẹ́ẹ̀kan Di Oníbàárà Gidi

Ẹni tó ń ta iṣu, ìrẹsì, gàrí tàbí epo ní Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí ní Adó-Èkìtì kò lè sọ pé òun nìkan ló ní ọjà náà. Àwọn tó ń ta irú rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, wọ́n wà lósì, iye tí kálukú ń pè é kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ènìyàn bá kọjá níwájú gbogbo wọn kó tó dúró lọ́dọ̀ yín, ohun tó fà á ni pé ó mọ̀ yín, ẹ mọ̀ ọ́n, ó sì dá a lójú pé ẹ kò ní rẹ́ òun jẹ. Ìyẹn kì í ṣàdédé wáyé. Iṣẹ́ ni, ó ní ìwé tí à ń kọ ọ́ sí, ó sì ní owó tí à ń yà sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ ó ṣe máa pè é

Bí ẹnì kan bá ní "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá", ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ ṣàmín, ẹ kí i padà dáadáa kí ẹ tó dárúkọ iye owó. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ dìde. Bó bá fi èdè Èkìtì kí yín, tí ẹ sì gbọ́ ọ, òun náà ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Ẹ má bi ìyá àgbà pé kí lorúkọ rẹ̀. Ẹ ní, "Màmá, ìyá ta ni ká máa pè yín?" Orúkọ ọmọ tó bá dá ni kí ẹ fi pè é nígbà tó bá tún yà. Ẹ fetí sí oyè pẹ̀lú. Olùkọ́ àti ọ̀mọ̀wé pọ̀ ní Adó, olóyè náà kò kéré. Ẹni tó jẹ́ Olóyè, Alàgbà, Alhaja tàbí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní sọ fún yín pé ẹ ṣi òun pè; ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ìwòrókò kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí.

Ìwé oníbàárà

Ẹ ra ìwé àjákọ elewé 60, kí ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ojú ewé. Orúkọ tí ẹ ń pè é ló kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn náà àdúgbò rẹ̀ (Ajílosùn, Báṣìrì, Òkè-Ìlá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tó máa ń rà àti bó ṣe ń fẹ́ ẹ, àti àsìkò tí owó máa ń wọlé fún un. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló wúlò jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń dúró de òpin oṣù. Àgbẹ̀ olóko kòkó máa ń rówó láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ná owó púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bí ilé ìwé bá sì ti lọ ìsinmi, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, nítorí bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó ti máa da tibí pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ilé onílé sínú rẹ̀ o. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà oníbàárà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nàìjíríà ti ṣòfin ààbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn ní ọdún 2023, ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ẹni tí wọ́n ń fi ìpè olówó èlé dà láàmú nítorí yín kò ní fẹ́ rí yín mọ́.

Ẹ sọ òótọ́ ọjà kí wọ́n tó sanwó

Ibí ni okùn ìfọkàntán ti ń le tàbí já. Nígbà tí iṣu tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í gún dáadáa. Iyán kì í ṣe ohun àmúṣeré l'Ékìtì. Bí ẹ bá ta irú iṣu bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń retí àlejò, tí iyán rẹ̀ wá rọ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ níwájú àwọn àna, yín ni yóò máa rántí. Ẹ sọ fún un pé: "Èyí dára fún sísè àti àsáró. Bó bá jẹ́ iyán lẹ fẹ́ gún, ẹ mú ti ọdún tó kọjá yìí, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀." Owó tí ẹ pàdánù lọ́jọ́ náà kéré sí èyí tí yóò mú wá.

Bákan náà ni ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń wá adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sè é rí lè má mọ̀ pé ìrẹsì ìbílẹ̀ máa ń ní òkúta. Ẹ fi ọwọ́ bù ú níwájú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ kó rí i, kí ẹ sì júwe bí wọ́n ṣe ń rẹ òkúta kúrò: wọ́n á da omi sí i, wọ́n á máa mi igbá díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń da ìrẹsì àti omi sínú igbá kejì, òkúta á sì kù sísàlẹ̀. Epo pupa ń dì nígbà ọyẹ́, ẹlòmíràn á sì rò pé ẹ ti bu nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ tètè sọ fún un pé kó gbé e sójú oòrùn, yóò yọ́. Ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

Bí wọ́n bá ń ná ọjà, èènì sàn ju kí ẹ máa dín owó lọ. Iye tí ẹ bá dín sí lónìí ni yóò fẹ́ san títí láé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé inú rere yín ni èènì ti wá. Ẹ wọn kóńgò kó kún tán ná, kí ẹ tó bu èènì lé e. Ẹni tó wọn àìkún tó wá fi èènì dí i kò fúnni ní nǹkan kan, àwọn oníbàárà sì mọ̀ ọ́n.

Àwìn

Ẹ má tà láwìn fún ẹni tí kò tíì bá yín rajà tó oṣù mẹ́ta. Kí àwìn má ju iye tó máa ń rà lẹ́ẹ̀kan lọ, kí ẹ má sì tà á ní òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa ń dé, tó wà nínú ìwé yín, ni kí ẹ fi ṣe àdéhùn. "Nígbà tí mo bá rí i" kì í ṣe ọjọ́. Kí ẹ̀yin àti òun jọ fọwọ́ sí i.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù níbí ni bí a ṣe ń béèrè owó. Bí ẹ bá pariwo gbèsè mọ́ ọn láàárín ọjà, tàbí tí ẹ rán ọmọ kékeré sí i, ojú á tì í. Ó máa gba ọ̀nà mìíràn kọjá, owó á lọ, oníbàárà á lọ. Ẹ pè é ní ọjọ́ kan ṣáájú àdéhùn, ẹ kí i, ẹ béèrè ilé, kí ẹ tó rán an létí. Bí kò bá pé, ẹ gba ìdajì, kí ẹ sì tún mú ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ ẹ̀yẹ àti ọjọ́ ọ̀fọ̀

Nínú èrè ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ₦50 sọ́tọ̀ fún ìkómọ, ìwúyè, ìṣílé àti ìsìnkú àwọn oníbàárà. Bí owó náà bá tán, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má yáwó lọ sóde ẹlẹ́ni. Aṣọ ẹbí kì í ṣe dandan. Bí ẹ bá dé ibi ọ̀fọ̀, ẹ kí wọn, ẹ fi ohun tí ẹ mú wá lé wọn lọ́wọ́, ẹ máa lọ. Ẹ má mẹ́nu ba ọjà rárá níbẹ̀.

WhatsApp

Àtẹ̀jáde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lórí WhatsApp lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 256, ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kó fi pamọ́ nígbà tó ṣì wà níwájú yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Àdúrà àràárọ̀ tí ẹ kò kọ fúnra yín ló ń mú kí wọ́n dí yín pa. Ẹ sọ ohun tó dé, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò tán. Fún àwọn àgbà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, tàbí kí ẹ kúkú pè wọ́n.

Bí wọ́n bá dá ọjà padà

Bí ẹnì kan bá gbé iṣu tó ti rà nínú padà wá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í léèrè ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí iṣu tí ooru mú nínú àpò máa ń tètè rà. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ pè é láti mọ bí èyí tó gbé lọ ṣe rí.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí ìwé, ẹ wo ẹni tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò yà, kí ẹ pè é. Àlàáfíà rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, ẹ má béèrè ìdí tí kò fi rajà. Bó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti ń rà níbòmíràn, ẹ bi í ní ohun tó lé e lọ, ẹ má bá a jiyàn, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kan náà.