Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi: bí a ṣe tún owó ilé tò l'Ákùúrẹ́

Tó bá jẹ́ owó oṣù ẹnì kan ló ń gbé ilé dúró, tí owó yẹn wá dá lójijì, gbogbo èèyàn ló máa ní òwò tí wọ́n fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ sin adìyẹ, ẹ ṣe POS, ẹ ta epo pupa. Mi ò ní kí wọ́n má gbani nímọ̀ràn o, ṣùgbọ́n òwò kọ́ ló kàn. Àwọn tó ń retí owó lọ́wọ́ yín ló kàn, ẹ tètè lọ bá wọn kí ọjọ́ tó pé. Bí tiwa ṣe lọ nìyí.

Sítọ́ọ̀kípà ni ọkọ mi nílé-iṣẹ́ aládàáni kan níbí, wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì pín ọjà káàkiri Oǹdó títí wọ Èkìtì. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà epo tí à ń rà lábẹ́ 200 náírà fò kọjá 500 kí ojú tó mọ́, ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì lójú inú á ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ta ọkọ̀ tán, èèyàn ló kù tí wọ́n máa dín. Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Fúráídè kan pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, wọ́n ní láti òní lọ, kó má wá mọ́. Èmi ń ránṣọ ní Ìjọ̀kà, owó aṣọ mi wà fún ọbẹ̀ àti bàtà ọmọ, kì í ṣe òun ló ń san rẹ́ǹtì.

Lẹ́tà yẹn ni mo kọ́kọ́ mú. Lọ́yà kan wà ní ìjọ wa, ọkọ mi ò fẹ́ ká lọ, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, mo ní ta ló ń ṣẹjọ́, a fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ni. Lọ́yà kà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó lẹ lò níbẹ̀?” Ọkọ mi ní ó ti lé ní márùn-ún. Lọ́yà wá ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́, ẹni tó bá ti lo ọdún 5 sókè, oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú, ẹni tó lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2, ẹni tó ti kọjá oṣù 3 tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan, tí wọn ò bá sì fẹ́ kó dúró títí ìgbà yẹn á pé, kí wọ́n san owó ẹ̀ dípò. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yẹn wà fún o, ẹni tó bá jẹ́ mánéjà, ohun tó wà nínú àdéhùn tó fọwọ́ sí ni kó lọ wò. Ó ní National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní ẹ̀ka l'Ákùúrẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ká má tíì dárúkọ kóòtù rárá. Lẹ́tà ojú ìwé kan ṣoṣo la kọ, kò sí èébú, kò sí ẹkún, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó oṣù kan tó yẹ kí ẹ fi dípò ìkìlọ̀ dà. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, wọ́n san án. Àwọn tí wọ́n jọ lé lọ tí wọn ò béèrè, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n wá gbowó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí owó yẹn wọlé la jókòó, a mú ìwé ọmọ wa kan tí kò kọ tán, a kọ gbogbo nǹkan tó ń gbowó nílé yìí. Ọ̀nà mẹ́ta la pín in sí: èyí tí wọ́n lè torí ẹ̀ lé wa jáde, èyí tó lè dúró, àti èyí tó jẹ́ pé nítorí ojú ayé la ṣe ń san án. Ẹ̀yin èèyàn mi, abala kẹta yẹn gùn ju méjì yòókù lọ! Ańkárá ìnáwó tí a ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń ṣe é, owó ẹgbẹ́ ọkọ mi, owó ẹgbẹ́ tèmi, tẹlifíṣàn olówó oṣooṣù tí ẹnikẹ́ni ò ráyè wò torí kò síná. A fa igi lé gbogbo ẹ̀ lórí. Mo pe ìyá alága wa lórí fóònù, mo ní “Mọ́mì, ẹ má ka èmi mọ́ aṣọ ti Disẹ́ńbà, agbára ò gbé e,” wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan, mo ní nǹkan wà mà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ dádì. Ó tán. Mo ti rò pé ilẹ̀ máa lanu.

Bàbá onílé la lọ bá tẹ̀lé e. Rẹ́ǹtì wa ṣì ku bí oṣù mẹ́ta kó tó pé, ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn gan-an. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Rẹ́ǹtì yín ò tíì pé, ẹ wá sọ fún mi báyìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, “Àwọn ti ilé ẹ̀yìn, ìgbà tí wọ́n bá jẹ mí lówó dé oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa ń rántí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn.” Bí wọ́n ṣe gbà pé ká san án lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, a kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, àwa náà fọwọ́ sí i.

Ti sukúù, kò pẹ́ rárá. Èyí àgbà wà ní JSS3, ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀, a ò lè gbé e kúrò níbẹ̀, alákòóso ní ká máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ọkọ̀ sukúù la yọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Èyí kékeré lọ sí pámárì ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é tẹ́rùn.

Èyí tó le jù ni gbèsè alájẹṣẹ́kù. Ọkọ mi ti yá owó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, owó oṣù wá dá. Àwọn tó bá ti yá owó kọ́ọ̀pù rí á mọ̀ pé àwọn onídùúró wà, èèyàn méjì tó bá ẹ fọwọ́ sí fóòmù, tí o ò bá san, orí owó tiwọn ni wọ́n máa lọ yọ ọ́. Ọkọ mi ní ká kọ́kọ́ lọ rí akọ̀wé. Mo ní rárá o, àwọn onídùúró la máa kọ́kọ́ rí, torí tí wọ́n bá fi rí i lórí owó oṣù wọn pé wọ́n ti yọ nǹkan, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ọjọ́ tá a bá tún nílò onídùúró, ta la fẹ́ lọ bá? A lọ sílé wọn, ti èkíní lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ti èkejì ní Òkè-Àrò. Èyí Òkè-Àrò bínú, mi ò ní parọ́, ó dìde jókòó, ó dìde jókòó, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá wa pẹ̀tù sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, òun gan-an ló tẹ̀lé wa, òun ló sọ fún wọn pé kí wọ́n fi owó tí ọkọ mi ti fi pamọ́ síbẹ̀ dí lára gbèsè náà, kí wọ́n sì pín ìyókù kéékèèké. Owó ìpamọ́ ọdún pípẹ́ lọ síbẹ̀ o, ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹlòmíì bọ́ nínú ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní Ìdànrè náà, oṣooṣù la máa ń fowó ránṣẹ́ sí wọn. A pè wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò ránṣẹ́ sí wa nínú mọ́tò, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ rò pé owó yín ni mò ń jẹ ni?

Láàárín gbogbo èyí, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ń fi líǹkì áàpù ayánilówó ránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, owó ti dé. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, kó gbé fóònù yẹn jáde nílé mi. Àwọn kan nínú wọn, tó bá ti pẹ́ díẹ̀, gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù ẹ ni wọ́n máa kọ̀wé sí pé olè ni ẹ́. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ti ń fún àwọn tó bófin mu níwèé àṣẹ láti 2022, ẹni tí kò bá lè ṣe kó má yá, kó lọ yẹ orúkọ áàpù ẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn. Ti báǹkì náà, ẹ má rò pé ẹ lè yá a ní báǹkì kan kí ẹ máa gbowó aṣọ sí òmíì, láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti gbé ètò kan jáde tó jẹ́ pé báǹkì tí ẹ jẹ lówó lè yọ ọ́ nínú akáǹtì yín tó wà ní báǹkì mìíràn, BVN ló so gbogbo wọn pọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Èmi àti àwọn ìyàwó mẹ́ta ládùúgbò máa ń dáwó, ẹnì kan á jí lọ sí Shàṣà láàárọ̀ kùtù, níbi tí tòmátò àti ata òkè Ọya ti ń balẹ̀, á ra apẹ̀rẹ̀ kan wá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń pín in. A á tẹ́ ràfíà sílẹ̀, a á da gbogbo ẹ̀ sí i, èyí tó ti rà lọ sápá kan, èyí tó fọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ṣeé lọ̀ sápá kejì, èyí tó le dáadáa sáàárín, ká tó wá pín ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́nà mẹ́rin. Òfin wa ni pé ẹni tó bá pín in ló máa mú kẹ́yìn. Ẹ ò lè rí ìpín tó dọ́gba bẹ́ẹ̀ níbòmíì, ìyá kan wà láàárín wa tó máa ń yọ tòmátò kan níbí, á fi síbẹ̀, á tún yọ ọ́ padà, títí á fi sú gbogbo wa. Tí mo bá gbé tèmi délé, mo máa lọ̀ ọ́, mo máa sè é lórí èédú títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, mo máa da òróró díẹ̀ lé e, kò nílò fíríìjì.

Ìrẹsì dínkù, pupurú wọlé. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ìyá mi, mo mọ̀ ọ́n rò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n fi èéfín gbẹ lórí àjà. Àwọn ọmọ ní ó ń rùn èéfín. Lọ́jọ́ kejì mo fi ọbẹ̀ ẹja sí i, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó wá ku pẹ́ńṣàn, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó yẹn, ó di ìgbà tórí bá funfun. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí oṣù 4 kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gba tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú akáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RSA. Oṣù 4 yẹn la ń kà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa ni lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró, fóòmù wọn, NIN, BVN, fọ́tò, ìwé báǹkì, àti nọ́ńbà akáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, tí ọkọ mi ti gbàgbé, a wá a títí ká tó rí i lórí lẹ́tà àtijọ́ kan nínú àpò ìwé ẹ̀rí.

Wàhálà méjì ló yọjú. Èkíní, lẹ́tà “h” kan wà nínú orúkọ àárín ẹ̀ lórí NIN, kò sí lórí ti pẹ́ńṣàn. “H” kan ṣoṣo! Wọ́n ní àwọn ò lè tẹ̀ síwájú. Ó di kóòtù, a lọ búra, a gba áfídéfíìtì, a padà wá, wọ́n tún ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ka ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ tó bára mu. Èkejì, nígbà tí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ akáǹtì jáde, a rí i pé àwọn oṣù kan wà tí ilé-iṣẹ́ yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó oṣù ẹ̀ tí wọn ò san án wọlé, bẹ́ẹ̀ 10 tó yẹ káwọn náà fi kún un ò wọlé. Òfin ní kó má kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù kó tó wọlé. A kó àwọn ìwé owó oṣù ẹ̀ jọ, a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, torí wọ́n máa ń rán àwọn agbowó sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò tíì yanjú bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kó dá 25 ti èyí tó wà nílẹ̀ dúró.

Owó yẹn dé. Kò pọ̀ bí ọkọ mi ṣe rò, ó sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdajì rẹ́ǹtì tó kù kọ́kọ́ lọ, díẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀pù kí ọkàn bàbá Òkè-Àrò lè balẹ̀, ìgbà yẹn la wá sọ̀rọ̀ òwò. Pupurú náà ni. Ó ń lọ rà á ní Òkìtìpupa, ó ń kó o wá fáwọn tó ń tà á ní Ọjà Ọba, ìwé tó fi ń ṣọ́ ọjà ọlọ́jà nílé-iṣẹ́ yẹn ló ti wá ń fi ṣọ́ tiẹ̀. Èrè ẹ̀ ò tíì tó owó oṣù àtijọ́. 75 tó kù nínú pẹ́ńṣàn, a ò kà á mọ́ owó rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti pẹ́ńṣàn yìí, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ, ẹ gbé NIN, BVN àti ìwé pẹ́ńṣàn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Oṣù 4 tí ẹ fi ń dúró tó láti fi tún un ṣe.