Wi-Fi wà, ojúlé wẹ́ẹ̀bù ò ṣí: ẹ wo DNS kí ẹ tó ra dátà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ra dátà, tèmi ti tán." Mo wò ó: Wi-Fi wà, ojúlé kankan ò sì ṣí. Ìjẹ̀bú ni mí o, mi ò kì í náwó sórí ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò. Mo ní kó tẹ 1.1.1.1 síbi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí. Kíá ló ṣí!

Tí nọ́ńbà bá ṣí tí orúkọ ò ṣí, DNS ni kẹ́ ẹ fura sí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá wa wá nọ́ńbà ojúlé tá a bá kọ orúkọ ẹ̀. Ẹ wo àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ níbí lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tó ń wá ilé Balógun Kúkú kó tó lọ Ojúde Ọba. Ó mọ orúkọ, kò mọ ọ̀nà, ó ní láti bi ọlọ́kadà. DNS lọlọ́kadà yẹn. Tó bá ń tòògbé, ẹ pe òmíràn. Ṣùgbọ́n kòtò ojú títì ò ní tìtorí ìyẹn dí: DNS tuntun kì í sọ dátà tó ń fà di èyí tó ń sáré.

Lórí Windows 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, lẹ́yìn náà Wi-Fi, kẹ́ ẹ tẹ Hardware properties. Ẹ wá DNS server assignment, ẹ tẹ Edit. Ẹ fi fóònù ya ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbàgbé, mo sì jẹ̀yà ẹ̀. Ẹ yí Automatic sí Manual, ẹ tan IPv4. Ní Preferred DNS, ẹ kọ 1.1.1.1, ti iléeṣẹ́ Cloudflare. Ní Alternate DNS, 8.8.8.8, ti Google. Ẹ tẹ Save.

Bí kò bá tíì ṣí, ẹ wọ Command Prompt, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ ipconfig /flushdns, kí láptọ́ọ̀pù lè gbàgbé ìdáhùn àtijọ́ tí DNS fún un.

Ilé tọ́mọdé bá wà, 1.1.1.3 ni kẹ́ ẹ fi sí Preferred, 1.0.0.3 sí Alternate. Ó máa ń dínà mọ́ ọ̀pọ̀ ojúlé ìhòòhò. Ẹ má fi 8.8.8.8 tì í o, ìyẹn ò kì í dínà mọ́ irú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì gbé láptọ́ọ̀pù lọ hòtẹ́ẹ̀lì, tí ojú ìwé tí wọ́n ti ń gba páswọ́ọ̀dù ò jáde, ẹ dá DNS padà sí Automatic.