Bí a ṣe lè gbé «L'Enfant noir» sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti ka ìwé tí Camara Laye, ọmọ ilẹ̀ Guinea, gbé jáde ní 1953 yìí ní èdè Faransé, tó fi ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ ní ìlú Kouroussa. Àwọn òbí wọn tí kò ka Faransé ni kò tíì gbọ́ ọ, àwọn gan-an sì ni kí ẹ ṣe eré náà fún. Òǹkọ̀wé náà kú ní 1980, ẹ̀tọ́ ìwé náà ṣì ní olówó. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Orí 12 ni ìwé náà ní, ṣùgbọ́n eré wákàtí kan ààbọ̀ kò gbà ju ìran 8 tàbí 9 lọ. Ẹ mú bírò mẹ́ta: ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, búlúù sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, dúdú sábẹ́ èrò inú. Dúdú ni yóò pọ̀ jù, torí ọmọ náà ló dàgbà tán tó ń ròyìn ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré ti máa ń kú: wọ́n á kó gbogbo dúdú náà fún òpìtàn kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, òǹwòran á sì sùn lọ. Ìlà 4 sí 6 láàárín ìran méjì ti tó o. Ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò sọ ìyókù.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ bàbá. Obìnrin kan gbé wúrà wá, onírárà ń ki alágbẹ̀dẹ, àwọn ọmọṣẹ́ ń fẹ́ ẹwìrì, ètè bàbá ń mì láìsí ohùn. Ẹ fún ìran yìí ní ìṣẹ́jú 10, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má dá iná èédú gidi sórí pákó. Ẹ fi rọ́bà pupa bo gílóòbù kan sábẹ́ ààrò. Kí ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì àti ẹni tó ń darí iná jọ fi ọ̀sẹ̀ kan dánra wò, torí bí iná bá ràn kí ẹwìrì tó fẹ́, ẹ̀rín ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òru Kondén Diara, tí wọ́n ń fi igbe kìnnìún dẹ́rù ba àwọn ọmọkùnrin, ló gba ọgbọ́n jù. Nínú ìwé, pákó kékeré tí a so okùn mọ́, tí a ń fì yípo, ló ń bú bíi kìnnìún. Ní ilẹ̀ wa, ohùn Orò nìyẹn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí i. Ẹ má dán an wò láé lójú agbo. Ẹ lu ihò sí ìdí garawa páànù, ẹ fa okùn gbà á, ẹ ta kókó sí i nínú, kí ẹ wá fi aṣọ tútù fa okùn náà. Garawa mẹ́ta tí wọn kò dọ́gba, ní igun mẹ́ta lẹ́yìn ìtàgé, á dẹ́rù ba àgbà. Ẹ má sì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rọ́pò òru yìí nítorí pé a mọ̀ ọ́n jó. Àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bu ọlá fún. Ìbẹ̀rù ọmọkùnrin ni òru yẹn ń dán wò. Kí Kouroussa máa jẹ́ Kouroussa.

Ní ti èdè, «tu» ni ọmọ náà ń pe bàbá rẹ̀. Tí ẹ bá sọ ọ́ di «o», ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ ni agbo máa rí. «Ẹ» ni kí ẹ lò.

Ọmọ kan kò lè ṣeré náà láti kékeré dé ọjọ́ ìrìn-àjò. Ẹ wá mẹ́ta, kí wọ́n máa gba fìlà kan náà lọ́wọ́ ara wọn lójú agbo.

Ìyá ń gún jéró lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀ Faransé dé etí rẹ̀. Ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ odó kí ariwo rẹ̀ má bo ohùn. Nígbà tí ọmọ bá lọ tán, tí ọwọ́ rẹ̀ kan àwòrán ọ̀nà métro (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris) nínú àpò rẹ̀, kí ó má yọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣì máa gbọ́ odó náà láti ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó paná.