Bí Mo Ṣe Dá Fẹsẹ̀ Rìn Ní Willemstad Kí Ọkọ̀ Wa Tó Ṣí

Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tí mo wọ̀ láti Florida gúnlẹ̀ sí Willemstad, olú-ìlú erékùṣù Curaçao nínú òkun Kàríbíà. Ọjọ́ méjì gbáko la ti lò lórí omi láìfojú kan ilẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi, n kò bá ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí kankan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọbìnrin tó ń ta ìrìn afẹ́ nínú ọkọ̀ bi mí bóyá n kò ní bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní rárá, ẹsẹ̀ ni màá fi rìn. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀ o."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá bá ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò lọ, ọkọ̀ máa ń dúró dè é bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́. Ẹni tó bá dá lọ, tí aago ìwọlé bá kọjá lórí rẹ̀, ọkọ̀ á ṣí ni, onítọ̀hún á sì fi owó ara rẹ̀ wá wọn lọ sí èbúté tó kàn. Nítorí náà, láti ìparí ọjọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò padà sẹ́yìn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ọkọ̀ ní ká ti wọlé. Mo fi wákàtí kan gé e, mo ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ni tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo àwòrán ìlú. Omi ló pín Willemstad sí méjì: Otrobanda ni apá tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, Punda sì wà ní òdìkejì, afárá kan tó máa ń ṣí fún ọkọ̀ ló so wọ́n pọ̀. Mo pinnu pé Punda tó jìnnà ni màá kọ́kọ́ lọ, kí n lè fi ọ̀sán wà ní Otrobanda, nítòsí ọkọ̀, níbi tí afárá kò ti lè dá mi dúró.

Aago gan-an lè da ènìyàn láàmú. Lóṣù yẹn, wákàtí kan ni Curaçao fi ṣáájú Florida, ọkọ̀ wa kò sì yí aago tirẹ̀ padà. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, fóònù mi fò sí aago erékùṣù láìbi mí. Lọ́jọ́ yẹn kò lè pa mí lára, torí fóònù ló yá ju ọkọ̀ lọ. Àmọ́ ní èbúté tó bá jẹ́ pé fóònù ló fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ọkọ̀ á ti lọ kí èèyàn tó mọ̀. Aago ọwọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti tò ó bá aago ọkọ̀ mu, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Báàgì kékeré kan ni mo gbé: káàdì ọkọ̀, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, owó dọ́là wẹ́wẹ́, ìborùn kan, ìgò omi. Bébà tí wọ́n ń fi sí yàrá lálaalẹ́ ní orúkọ àti nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo tún fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀, torí bátìrì lè kú. Mo ti fa àwòrán ìlú sórí fóònù kí n tó kúrò nílé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Omi kò wọ́n mi rárá. Omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń mu níbẹ̀, ó sì mọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ.

Ní ẹnu ọ̀nà èbúté, àwọn onítakisí tò sílẹ̀. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú Papiamentu, èdè ìlú wọn, mo sì fi ìkíni bẹ̀rẹ̀: "Bon dia!" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní n kò wọkọ̀, "danki", wọ́n sì fi mí sílẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín. Ní Curaçao, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye ọjà láìkí ènìyàn, ojú tí wọ́n máa fi wò ó, ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ohùn tún ń ṣiṣẹ́ nínú èdè náà, èyí sì dùn mọ́ mi gidigidi. Bí ẹ bá ṣe gbé ohùn lé "para" ló máa sọ bóyá ẹyẹ ni tàbí ìdúró. "Mata" lè jẹ́ igi, ó sì lè jẹ́ kí á pa nǹkan. Èdè Potogí, Sípéènì, Dutch àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà ló pàdé nínú rẹ̀.

Mo gba inú Rif Fort kọjá, odi agbára tí wọ́n kọ́ ní 1828, mo sì yọ sí etí omi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Afárá Queen Emma ni mo bá níbẹ̀. Ọdún 1888 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, orí ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún tó léfòó ló sì dúró lé, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 167. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ojú rẹ̀. Mo dúró láàárín rẹ̀, mo sì rí i pé ilẹ̀ ń mì lábẹ́ mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní dùbúlẹ̀ sórí àyà ẹni tó ń mí. Omi ń lu ìdí àwọn ọkọ̀ náà, pákó ń dún wín-ín wín-ín. Láyé àtijọ́, owó ni wọ́n ń san láti kọjá, àmọ́ ẹni tí kò bá wọ bàtà kì í san.

Àwọn ilé aláwọ̀ mèremère tó tò sí Handelskade, etí omi Punda, ni gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé gómìnà kan tó ń jẹ́ Albert Kikkert, ní 1817, ló ní funfun àwọn ilé ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí nínú oòrùn, ó sì ní kí wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mìíràn. Àárín ìlú náà wà lára ibi tí àjọ UNESCO ti ń dáàbò bò láti 1997. Mo rìn kọjá lọ sí Fort Amsterdam. Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú odi yẹn ni ọta àgbá kan há sí láti 1804, nígbà tí William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ń yìnbọn sí ìlú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Dúdú róbótó kan ni, bí agbọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ amọ̀.

Ní sínágọ́gù Mikvé Israel-Emanuel, ilé ìjọsìn àwọn Júù tí wọ́n kọ́ ní 1732, ni ìborùn mi ti wúlò, torí ènìyàn kì í ṣí èjìká wọbẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n dà sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ó jẹ́ ìrántí aṣálẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn rìn. Àwọn mìíràn ní ó ń rántí ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ ní Sípéènì àti Potogí, tí wọ́n ń da iyanrìn sílẹ̀ kí ìró ẹsẹ̀ má baà tú wọn fó. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Kò sí ẹni tó ń pè mí pé bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra.

Ebi ló lé mi dé Plasa Bieu, ọjà àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé oúnjẹ ọ̀sán. Ìkòkò ńláńlá wà lórí iná, àwọn màmá sì dúró tì wọ́n. Ọ̀kan ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀ fún mi, mo sì pariwo: ilá ni! Giambo ni wọ́n ń pè é, ẹja àti ẹran oníyọ̀ wà nínú rẹ̀. Igi kan tó lẹ́ka lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní lélé, ló fi ń po ó, ó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ilá náà sì ń fà títí dé etí ìkòkò. Mo ní nílé tiwa ìjábẹ̀ la fi ń ṣe é. Ó ní kí n fi ọwọ́ hàn án bí a ṣe ń jà á. Mo ṣe é, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní "dushi", ìyẹn aládùn. Funchi tó bù tì í, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò ni. Orí bẹ́ǹṣì gígùn ni gbogbo ènìyàn ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé ta ni mo bá wá. Dọ́là ni mo san, florin, owó ìlú wọn, ni wọ́n fi fún mi ní ṣéńjì; 1.79 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ẹ mú owó kékeré lọ, kí florin má baà kún ọwọ́ yín nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣí.

Nígbà tí mo padà dé etí omi, fèrè dún, wọ́n ti géètì, afárá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lọ! Ẹ̀ńjìnnì ló ń tì í, ó ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ Otrobanda bí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ṣì wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ epo gìrìwò kan ń bọ̀ láti inú òkun. Mo dúró nínú oòrùn. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́ gan-an, èèyàn kì í mọ̀ pé oòrùn ń jó òun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Obìnrin kan tó gbé àpò ọjà wo ojú mi, ó na ìka sí àsíá tó wà lórí afárá. Ó ní bó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kò ní pẹ́. Búlúù lèyí, yóò pẹ́. Ó mú mi lọ sídìí ponchi, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ènìyàn sọdá lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí afárá bá ṣí. Ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ti wà ní Otrobanda. Ká ní mo ti fi Punda sí ìkẹyìn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe, omijé ni n bá fi dúró níbẹ̀.

Wákàtí kan àti díẹ̀ ló kù, ibi kan ṣoṣo ni mo lò ó sí: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kura Hulanda. Láti 1662 tí àwọn Dutch ti ń bá Sípéènì ṣe àdéhùn lórí ẹrú, Curaçao di àgọ́ ńlá tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ Áfíríkà sí kí wọ́n tó tún tà wọ́n lọ. Mo rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè wọ̀ ọ́. Ti ọmọdé ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n fi pákó ṣe, òkè kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Omi òkun kan náà ni èmi náà gbà wá, mo sì ti ń ráhùn lọ́sẹ̀ yẹn pé wọ́n gba owó ènìyàn méjì lọ́wọ́ mi fún yàrá tí mo dá gbé. N kò tún ráhùn mọ́. Mo ka orúkọ Tula, ẹni tó kó àwọn ẹrú oko Kenepa jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1795 láti béèrè òmìnira. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ọdún 1863 ni òmìnira tó dé. Mo dá sunkún níbẹ̀, n kò sì ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti wà nídìí géètì èbúté. Obìnrin àgbàlagbà kan ń ta omi tútù níbẹ̀; mo fi florin tó kù lọ́wọ́ mi ra ìgò kan, mo sì dágbére fún un. Ó juwọ́ sí mi: "Ayó!" Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dàbọ̀ nìyẹn. Mo dúró, mo sọ fún un pé ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́ túmọ̀ sí inú dídùn. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́, ó tún un sọ pẹ̀lú ohùn tèmi, ó sì gún régé: "Ayọ̀."