Bí ẹ ṣe lè so ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ omi ẹja àti ẹ̀fọ́ yín

Ẹni tó bá ń fi omi ẹja àrọ̀ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ohun mẹ́ta ló lè ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo: kí pọ́ǹpù dákẹ́, kí omi jò tán, kí bátìrì kú. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ̀rọ tí a fẹ́ so yìí ń ṣọ́, ó sì ń wo bí omi ṣe tutù tó mọ́ ọn. Tí nǹkan bá yí, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Ohun kan wà tí gbogbo ìsopọ̀ yìí dúró lé: bí bọ́ọ̀dù (ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ yìí) bá kú, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n so sódì. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n ní kó máa tan pọ́ǹpù, torí náà ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù bá dákẹ́, omi dúró nìyẹn. Àrọ̀ lè gòkè wá mí lójú omi, kó sì yè é. Baktéríà inú òkúta, èyí tó ń sọ ẹ̀gbin ẹja di oúnjẹ ẹ̀fọ́, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tilápíà gan-an kì í pẹ́ kú. Ní tiwa, iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ni láti pa pọ́ǹpù fúngbà díẹ̀, kì í ṣe láti tàn án.

Ìwọ̀n tí a fi ṣírò: tánkì lítà 1000 tí ìdí rẹ̀ jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 1.2 ní gígùn, àti bẹ́ẹ̀dì kan (àpótí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí) tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òkúta inú bẹ́ẹ̀dì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, omi ń gòkè dé 25. Òkúta ló gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àyè náà, nítorí náà lítà omi 120 péré ló ń wọ bẹ́ẹ̀dì, omi tánkì á sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 wálẹ̀. Ẹ fi páìpù ínṣì 2 tó dúró ní gíga sẹ̀ǹtímítà 25 sínú bẹ́ẹ̀dì, kí omi tó bá kún gba ibẹ̀ padà sí tánkì. Ẹ lu ihò mìlímítà 10 sí ìsàlẹ̀ páìpù yẹn. Tí pọ́ǹpù bá dúró, ihò yìí á fa bẹ́ẹ̀dì gbẹ láàárín nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú.

Pọ́ǹpù 12V tí kò ju wọ́ọ̀tì 20 lọ ni kí ẹ rà. Iná 220V kò ní iṣẹ́ kankan nínú omi tí ẹ ń tọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gbé ẹnu páìpù dé orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì gbe omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10. Ó yẹ kó kún ní 40 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì lè má kún láàárín ìṣẹ́jú 15 tí a máa fún un. Tó bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró, pọ́ǹpù yìí máa jẹ nǹkan bí 40 Ah (ìwọ̀n iná inú bátìrì) lóòjọ́; tó bá ń ṣe ìṣẹ́jú 15 tó ń sinmi 45, nǹkan bí 10 Ah ni. Bátìrì 100 Ah tí sólà ń gba iná sí, tí a kò fẹ́ lò ju ìdajì lọ, lè gbé e di ọjọ́ kejì láìsí oòrùn, kódà bí bọ́ọ̀dù bá kú.

Àwọn nǹkan yòókù: ESP32 kan, rílè 5V (switch tí iná kékeré ń darí) olójú méjì tó ní jọ́ńpà JD-VCC (ojú kan la máa lò), rílè ọkọ̀ 12V ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, float switch kékeré méjì (switch tó ń léfòó, tó ń tàn tàbí kú bí omi bá ga tàbí wálẹ̀), sẹ́ńsọ̀ DS18B20 tó ń wọn bí omi ṣe gbóná tó, tí omi kò lè wọ̀, SIM800L tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, LM2596 méjì tó ń dín iná 12V kù, dáyóòdù 1N4007 méjì, kapásítọ̀ 1000 µF kan àti 0.1 µF kan. Rẹ̀sísítọ̀ 1k, 4.7k, 22k àti 100k; fíùsì 5A kan, 1A kan. Ẹ lè rí rílè ọkọ̀ àti fíùsì lọ́dọ̀ àwọn riwáyà ní Kabba tàbí Isanlu ní Kogi. ESP32 àti SIM800L, ẹ lè ní kí wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ láti ọjà Alaba ní Èkó. Ẹ ra méjì-méjì nínú méjèèjì yìí.

Ọ̀nà pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ so, láìtíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Láti pósítífù bátìrì, ẹ gba fíùsì 5A kọjá lọ sí ẹsẹ̀ 30 rílè ọkọ̀. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí pọ́ǹpù. Lẹ́yìn fíùsì yẹn, ẹ ya wáyà tín-ín-rín kan lọ sí COM (ẹnu ìwọlé) rílè 5V, kí ẹ jáde ní NC, ojú tó máa ń so mọ́ COM nígbà tí rílè kò bá ní iná (ẹ má lo NO, òdìkejì rẹ̀), kí ẹ gba inú float tánkì kọjá, kí ẹ wá dé ẹsẹ̀ 86. Ẹsẹ̀ 85 lọ sí nẹ́gẹ́tífù. Ẹ fi dáyóòdù kan dábùú 85 àti 86, èkejì dábùú pọ́ǹpù. Ìlà funfun ara dáyóòdù ló máa kọjú sí pósítífù. Rílè ọkọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù. Float kékeré kò lè gbé ju nǹkan bí 0.5A lọ, pọ́ǹpù sì ń fa 1.7A. Ẹ gba iná pọ́ǹpù kọjá nínú float, ojú rẹ̀ á jó lẹ̀ mọ́ra, omi á tán, pọ́ǹpù á sì máa yí lórí gbígbẹ.

Ẹ gbé float tánkì sí sẹ̀ǹtímítà 25 sísàlẹ̀ ojú omi. Àwọn kan máa ń gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 8 nítorí pé ẹ̀rù jíjò ń bà wọ́n, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé pọ́ǹpù ń dúró kí bẹ́ẹ̀dì tó kún. Bí float bá ń ṣiṣẹ́ sódì, ẹ yọ òrùka ìdí rẹ̀, ẹ dojú ike tó ń léfòó dé, ẹ dá òrùka padà.

Ó wá kan bọ́ọ̀dù. LM2596 àkọ́kọ́ gba fíùsì 1A. Ẹ fi mítà yí i sí 5.0V kí ẹ tó so ESP32 mọ́ ọn. Gbogbo nẹ́gẹ́tífù gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan. Ẹ yọ jọ́ńpà rílè: JD-VCC lọ sí 5V, VCC lọ sí 3.3V, IN lọ sí GPIO 26 (GPIO ni àwọn ẹsẹ̀ ESP32 tó ní nọ́ḿbà). Bí ẹ bá fi 5V sí VCC, 3.3V tí ESP32 ń fi ránṣẹ́ lè má tó láti tú rílè sílẹ̀ pátápátá. DS18B20 lọ sí GPIO 4, pẹ̀lú 4.7k láàárín wáyà dátà àti 3.3V. Float kejì, tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ ẹnu páìpù, lọ sí GPIO 27. Fún bátìrì: 100k láti pósítífù dé GPIO 34, 22k láti ibẹ̀ dé nẹ́gẹ́tífù, 0.1 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ 22k. Bátìrì 14.4V á di 2.6V, ẹ fi 5.55 sọ ọ́ di púpọ̀ padà. Ẹ má lo GPIO 12 fún nǹkan kan: bí iná bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀dù ń tàn, kò ní gbéra.

SIM800L ló máa ń fa wàhálà jù. Ó nílò 4.0V, kì í ṣe 5V, kì í ṣe 3.3V, ó sì máa ń gba nǹkan bí 2A lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òun ni LM2596 kejì wà fún. Ẹ jó 1000 µF mọ́ ẹsẹ̀ iná rẹ̀ gan-an, kí wáyà rẹ̀ kúrú. TX rẹ̀ (ẹsẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀) lọ sí GPIO 16. GPIO 17 gba 1k kọjá lọ sí RX rẹ̀ (ẹsẹ̀ tó fi ń gbọ́ràn). Ẹ wo iná ara rẹ̀: bí ó bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ṣì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́ẹ̀kan ní mẹ́ta, ó ti rí i. Bí ó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà mélòó kan, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, iná kò tó o, ẹ má tíì bú síìmù. 2G ló ń lò, nítorí náà ẹ fi síìmù náà sínú fóònù kékeré, kí ẹ sì dúró níbi tánkì gan-an láti wò ó.

Nínú prógráàmù: ìṣẹ́jú 15 títàn, 45 pípa. `millis` ni aago inú bọ́ọ̀dù. Ẹ fi iye àkókò tó ti kọjá ṣírò, `millis() - ìgbà_tó_kọjá >= àkókò`, kí nọ́ḿbà má baà dàrú nígbà tí `millis` bá padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49. Bí pọ́ǹpù bá ti ṣe ìṣẹ́jú 14 tí float bẹ́ẹ̀dì kò tíì gbéra, ó dí, ó bàjẹ́, tàbí omi tánkì ti lọ sílẹ̀: kó ránṣẹ́. Bí ó bá kù díẹ̀ kí pọ́ǹpù tún tàn tí float yẹn ṣì wà lókè, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ti dí ihò mìlímítà 10. Bátìrì sí ìsàlẹ̀ 12.0V: kó ránṣẹ́. Ẹ ní kó da -127 àti 85 tí DS18B20 bá mú wá nù. Àkọ́kọ́ ni wáyà tó já, èkejì ni sẹ́ńsọ̀ tí kò tíì wọn omi. Kó sì máa ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24 pé òun wà. Bí ẹ bá tàn án ní aago 7 àárọ̀, aago 7 ni yóò máa dé. Ọjọ́ tó bá dé ní aago 3 ọ̀sán, bọ́ọ̀dù ti kú ó ti jí nìyẹn, ẹ lọ yẹ iná rẹ̀ wò.

Ìgbà ọyẹ́, ẹ má ronú híítà. Kí omi lítà 1000 tó fi dígírì kan ṣoṣo móoru, ó gba 1.16 kWh, bátìrì yín kò sì lè gbé e. Àrọ̀ fẹ́ 26 sí 30°C. Tí omi bá wá sí ìsàlẹ̀ 23, kí bọ́ọ̀dù sún ìsinmi pọ́ǹpù sí ìṣẹ́jú 75, torí omi tó ń gba orí òkúta kọjá nínú afẹ́fẹ́ òru ló ń tutù jù. Ẹ fi tapólì bo tánkì, àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ kí àrọ̀ lè mí. Ẹ dín oúnjẹ kù.

Ní ti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó), sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ẹ bá fi sínú omi tọ̀sán-tòru á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa purọ́, pàápàá bí pọ́ǹpù bá wà nínú omi kan náà. Ẹ fi omi àyẹ̀wò wọn pH àti amóníà (májèlé inú ẹ̀gbin ẹja) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tó. Ẹ jẹ́ kí pH wà láàárín 6.5 sí 7.2.

Inú àpótí ike ni gbogbo bọ́ọ̀dù máa wà, wáyà á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kọjá ihò kó tó tún gòkè, kí omi òjò lè kán sílẹ̀. Ẹ fi sílíkónì dí ihò. Èèrà àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fi kọ́pà tàbí irin tí wọ́n fi síǹkì bò sínú omi, ó ń pa ẹja.

Kí ẹja tó wọ omi, ẹ ṣe ìdánwò mẹ́ta. Ẹ yọ iná ESP32 nígbà tó ń sinmi: pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹ fi ọwọ́ tẹ float tánkì wálẹ̀: pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dúró, bọ́ọ̀dù ì báà wà láyé tàbí kó má sí. Ẹ yọ páìpù kúrò lẹ́nu bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ da ẹnu rẹ̀ padà sínú tánkì: àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹ má tíì kó ẹja sí i.