Bí A Ṣe Ń Ra Ọkọ̀ Ìjàpá fún Ọkọ tàbí Aya Ẹni ní Bòńkẹ́lẹ́

Ọkọ̀ Volkswagen tí a sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bìrìkìtì kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó nígbà náà, ẹni tí ẹ sì fẹ́ fi ta lọ́rẹ lè ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ rí. Ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú rà, ṣùgbọ́n àṣírí tí a ń pa mọ́ ló máa ń sọni di oníkánjú. Bí mo ṣe ṣe é nígbà tí mo ra ti ìyàwó mi nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni náà láìjẹ́ kó fura. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá lọ, ẹ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹ tún wò ó bóyá ó mọ gíà mánúà wà, torí òun ni ọ̀pọ̀ jù lọ Ìjàpá ń lò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá mẹkáníìkì tó ti pẹ́ nídìí Ìjàpá, kí ẹ má sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àṣírí fún.

Àyẹ̀wò ni kókó. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í lè purọ́. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè: abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, omi kíkan inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ kejì tí mo wò, a ká kápẹ́ẹ̀tì, a bá ìwé ìròyìn tí wọ́n ká sínú ihò, tí wọ́n sì fi páńtì dúdú kùn mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé òòfà kékeré kan, kí ẹ máa gbé e lé abẹ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ iná iwájú. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, kì í ṣe irin ló wà lábẹ́ páńtì náà mọ́.

Ẹ wá lọ sẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ di àgbá ìsàlẹ̀ tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, kí ẹ fà á, kí ẹ sì tì í. Bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀ tó sì ń dún kò-kò-kò, ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ ìtúpalẹ̀. Síbẹ̀, èmi yóò ra ọkọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ju èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọrin tí ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ti ìwé, nọ́ńbà ṣáàsí tó wà lára irin àárín lábẹ́ àga ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, láìyẹ ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ara yín sórí ìwé, torí wọn yóò béèrè káàdì ìdánimọ̀ ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí i, àṣírí á sì tú.

Ẹ gbé ọkọ̀ náà pa mọ́ sílé ẹlòmíràn, kí ẹ sì máa wà á fúnra yín fún ọ̀sẹ̀ kan kí àbùkù rẹ̀ lè fara hàn. Ẹ pààrọ̀ òróró rẹ̀, lítà méjì àbọ̀ péré ló ń gbà, kí ẹ sì ra bẹ́líìtì fáànù kan sílẹ̀. Kò ní omi tó ń mú un tutù, atẹ́gùn fáànù tí bẹ́líìtì yìí ń yí ni. Bí bẹ́líìtì bá já lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ lọ sídìí ọkọ̀ náà, ẹ bọ́ ọ síbẹ̀ kí ẹ tó padà sílé. Òórùn epo lára ṣẹ́ẹ̀tì mi ni ìyàwó mi gbọ́ tó fi bi mí pé, "Bàbá Fẹ́mi, àbí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ títì. Kí gíà Ìjàpá tó wọ rìfáàsì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á wá a títí lójú àwọn àlejò.